Ọ̀bọ onígi tí Ìyá Ìbejì rà ní pọ́n-ùn mẹ́fà

Ìbéèrè: Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ra ọ̀bọ onígi kan ní pọ́n-ùn mẹ́fà lọ́wọ́ màmá àgbàlagbà kan níbi tí wọ́n ti máa ń tú ẹrù àlòkù sẹ́yìn mọ́tò tà láràárọ̀ Sọ́ńdè, ní ìhà Woolwich ní Lọ́ńdọ̀nù níbí. Apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀ ń yí, orí rẹ̀ ń yí, ikùn rẹ̀ funfun, ara rẹ̀ yòókù pọ́n. Ọkọ mi ní mo lọ fowó ra igi ìdáná. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo gbé fọ́tò rẹ̀ síta, kò pé wákàtí kan tí ọkùnrin kan tí n kò mọ̀ rí fi ní òun á san ọgọ́ta pọ́n-ùn, òun á sì wá gbé e lálẹ́ ọjọ́ náà. Ìyẹn ló jẹ́ kí n fura. Mo rí “Bojesen” àti “Denmark” lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ kan, ìyókù ti parẹ́. Ta ló ṣe é? Ṣé ojúlówó ni? Ihò wẹ́wẹ́ mẹ́ta wà níkùn rẹ̀, ìdọ̀tí sì ti bo gbogbo ara rẹ̀. Ṣé kí n fi sáńpépà họ ọ́, kí n sì kùn ún ní fánǹíìṣì? — Ìyá Ìbejì.

Ìdáhùn:

Ìyá Ìbejì, ẹ kọ́kọ́ gbé sáńpépà yẹn sílẹ̀. Kí ẹ sì dá ọkùnrin ọlọ́gọ́ta pọ́n-ùn lóhùn pé ẹ ò tíì fẹ́ tà á. Nǹkan méjì tó lè ba ọ̀rọ̀ yìí jẹ́ lónìí nìyẹn. Ìyókù ò le.

Mo ti wo fọ́tò mẹ́rin tí ẹ fi ránṣẹ́, mo wò wọ́n lókè lódò. Ọ̀bọ yín jọ iṣẹ́ Kay Bojesen gan-an, ó kù díẹ̀ kí n búra. Ohun tó kù náà, ọwọ́ yín ló wà, torí fọ́tò kì í sọ bí igi ṣe rí lọ́wọ́. Màá júwe ohun tí ẹ máa wò fún yín. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ ẹni tó ni iṣẹ́ ná, nítorí ẹni tí kò bá mọ bí ọkùnrin yìí ṣe ń ronú, òǹtẹ̀ abẹ́ ẹsẹ̀ nìkan ni yóò máa wá kiri, òǹtẹ̀ ọ̀hún sì máa ń tan èèyàn.

Ọmọ Copenhagen ni Kay Bojesen, ní ilẹ̀ Denmark. Wọ́n bí i ní 15 August 1886. Ó kú ní August 1958. Òǹtẹ̀wé ni bàbá rẹ̀. Ìdí ọjà oúnjẹ ni wọ́n kọ́kọ́ fi ọmọ náà sí pé kó kọ́ òwò, ṣùgbọ́n kò pẹ́ níbẹ̀. Ní 1907 ó bọ́ sọ́dọ̀ Georg Jensen, alágbẹ̀dẹ fàdákà tí orúkọ rẹ̀ ṣì wà lára ẹ̀gbà ọwọ́ àti ṣíbí olówó gọbọi títí dòní. Ó ṣe fíríìdọ́ọ̀mù ní 1910, ó tún kọ́ sí i ní Jámánì, ó ṣiṣẹ́ dé Paris, lẹ́yìn náà ló padà sílé wá dá ilé iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1913.

Alágbẹ̀dẹ fàdákà ni o, kì í ṣe káfíńtà. Ẹ fi èyí sọ́kàn nígbà tí ẹ bá fọwọ́ pa ẹ̀yìn ọ̀bọ yín. Káfíńtà tó bá gbẹ́ ẹranko máa ń fi ibi tí irin rẹ̀ gbà hàn, igun díẹ̀ á ṣẹ́ kù níbì kan. Ti Bojesen kì í ní igun. Bí ẹ̀yìn ṣíbí ló ṣe rí: ọwọ́ á bẹ̀rẹ̀ láti orí, á yọ̀ bọ́ sí ọrùn, á gba èjìká kọjá, kò ní kan ohunkóhun tó máa dá a dúró.

Ọmọ ló mú un dé ìdí igi. Ó gbéyàwó ní 1919, wọ́n bí ọmọkùnrin kan, bàbá wá ń ronú ohun tí ọmọ máa fi ṣeré. Ní 1922 ó gbé ohun ìṣeré onígi lọ síbi ìdíje kan, ó gba ẹ̀bùn. Láti ìgbà náà ló ti ní ẹsẹ̀ kan nínú fàdákà, ẹsẹ̀ kan nínú igi. Ní 1931 òun náà wà lára àwọn tó dá Den Permanente sílẹ̀, gbọ̀ngàn ńlá kan ní Copenhagen tí àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ Denmark ti ń pàtẹ iṣẹ́ wọn fún títà. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e ó ṣí ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ ní òpópónà Bredgade, ojúlé 47. Ibẹ̀ ni agbo ẹran rẹ̀ ti ń jáde lọ́kọ̀ọ̀kan: ajá ẹlẹ́sẹ̀ kúkúrú ní 1934, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ abilà ní 1935, ẹṣin tí ọmọdé ń gùn mì ní 1936. Ogun dé, ogun lọ. Ọ̀bọ yọ jú ní 1951, béárì tẹ̀ lé e ní 1952, erin ní 1953, erinmi ní 1955, ehoro ní 1957. Ní 1951 yẹn kan náà, ṣíbí àti fọ́ọ̀kì kan tó ti yà láti 1938 gba ẹ̀bùn àgbà níbi àfihàn Triennale ní Milan, láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń pè é ní Grand Prix. Bí ẹ bá bá a pàdé lọ́jà àlòkù, ẹ rà á, ẹ má bèèrè lọ́wọ́ ọkọ.

Nínú gbogbo agbo náà, bí wọ́n bá ní kí n mú ọ̀kan, erinmi ni màá mú. Ẹnu rẹ̀ ń là, ó ń dé, ẹ lè há pẹ́ńsù sí i lẹ́nu, ojú rẹ̀ sì dà bí ti ọkùnrin tó jẹun yó tí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀bọ ló gbajúmọ̀, òun sì lẹ ní.

Ohun ìfaṣọkọ́ ló fẹ́ fi ọ̀bọ yìí ṣe, kí àwọn ọmọdé lè máa fi ẹ̀wù wọn kọ́. Ìdí nìyẹn tí ọwọ́ rẹ̀ fi tẹ̀ bí ìwọ̀, tí ẹsẹ̀ náà tún tẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ fi ọwọ́ kan kọ́ ọ sétí pákó ìwé, á dúró. Ẹ fi ẹsẹ̀ kọ́ ọ, á so rọ̀ ní ìdoríkodò. Ẹ fi méjì mú un, á dúró bí ẹni tó ń tajú wo ọjà. Ègé igi 31 ni wọ́n tò pọ̀ kó tó di odindi, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì jẹ́ pé ẹ̀rọ tó ń yí igi bíríbírí ni wọ́n fi rẹ́ ẹ. Kò ní ìrù. Ẹ yí i padà, ẹ wo ìdí rẹ̀. Ní èdè Denmark, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n ní fún ọ̀bọ àti ìnàkí, nítorí náà wọn ò ja ìjà ọ̀bọ tàbí ìnàkí rárá. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tó bá mọ ẹran igbó máa sọ fún yín pé ìnàkí lẹ rà, torí ìnàkí kì í ní ìrù. Màá ṣì máa pè é ní ọ̀bọ, kí ọkùnrin yẹn má baà fi ti ìnàkí fi owó lé e.

Wàyí o, igi. Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi dúró díẹ̀.

Irú igi méjì ló wà lára ọ̀bọ yín. Èyí tó pọ́n, orí, àyà, apá, itan, igi tíìkì ni. Tíìkì ni gbogbo Denmark ń lò láyé ìgbà náà, àga, tábìlì, abọ́ sàláàdì. Ìhà Thailand àti Burma ni igi náà ti ń wá. Ẹ̀yin tí ẹ ti dé ìgbèríko Abẹ́òkúta tàbí Ìbàdàn rí ti mọ̀ ọ́n, òun ni wọ́n gbìn ní ìlà ìlà, tí ewé rẹ̀ fẹ̀ bí abẹ̀bẹ̀, tí wọ́n ń gé ṣe òpó iná.

Èyí tó funfun, ìyẹn ikùn, iwájú ojú, ọwọ́ àti ẹsẹ̀, òun ni wọ́n kọ sínú ìwé pé limba. Nígbà tí oníbàárà kan kọ́kọ́ gbé irú ọ̀bọ yìí wá bá mi ní Lọ́ńdọ̀nù, ó ti lé lógún ọdún báyìí, mo wo ikùn rẹ̀, mo fi èékánná kàn án, mo ní, “Afàrà nìyí.” Ó ní rárá, limba ni. Mo ní afàrà ni. A fà á títí, ó kàn ń rẹ́rìn-ín, ó rò pé mi ò gbọ́ èdè ni. Àṣé àwa méjèèjì la jàre. Igi kan náà ni. Láti ìhà Kóńgò ni orúkọ limba ti wá. Ní Ghana wọ́n ń pè é ní ofram, ní Côte d'Ivoire fraké. Afàrà tí àwọn oníṣòwò igi òyìnbó sì ń kọ sórí ìwé wọn fún ti Nàìjíríà, ẹnu Yorùbá ni wọ́n ti gbọ́ ọ. (Afàrà igi ni mo wí o, kì í ṣe afárá tí à ń gbà kọjá lórí omi.) Ìbàdàn ni mo ti kọ́ṣẹ́, ọjà pákó Bódìjà ni ọ̀gá mi máa ń rán mi sí, pákó afàrà la sì fi ń ṣe ilẹ̀kùn inú ilé àti àpótí aṣọ fún ẹni tí owó rẹ̀ ò ká ìrókò. Ó fúyẹ́, ó tọ́, ayùn ń wọ̀ ọ́ bí ọ̀bẹ ń wọ iṣu sísè. Ẹ̀bi tó ní ni pé kòkòrò fẹ́ràn rẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Mo ń padà bọ̀ sórí ìyẹn.

Bí ọmọ yín kan bá ń ta gìtá, ẹ sọ èyí fún un: igi yìí náà ni ilé iṣẹ́ Gibson ní Amẹ́ríkà fi ṣe gìtá Flying V àti Explorer ti 1958, èyí tí àwọn olówó ń du ara wọn lé lórí lónìí. Korina ni wọ́n sọ ọ́ níbẹ̀. Orúkọ mẹ́rin, márùn-ún, igi kan. Afàrà tí à ń fi kan ilẹ̀kùn ilé ìdáná!

Ó dáa, ẹ gbé ọ̀bọ náà lọ sójú fèrèsé, ní ọ̀sán, kì í ṣe lábẹ́ gílóòbù. Ẹ gbé apá rẹ̀ kan sókè, ẹ wo abíyá rẹ̀. Ibẹ̀ ni màá kọ́kọ́ wò ká ní ọ̀dọ̀ mi ló wà. Bí àwọn aláfarawé bá fẹ́ ṣe ọ̀bọ yìí, igi funfun olówó pọ́ọ́kú kan ni wọ́n máa ń lò fún gbogbo ara, wọ́n á wá pa á láró pupa. Aró máa ń sá jọ sínú kọ̀rọ̀. Nítorí náà abíyá irú ọ̀bọ bẹ́ẹ̀ á dúdú jù, ṣùgbọ́n ibi tí apá ti ń ha èjìká nígbàkígbà tí wọ́n bá yí i, aró á ti ṣí kúrò, igi funfun á yọ síta bí eyín. Ti tíìkì ò rí bẹ́ẹ̀. Bí ó ti wù kí apá há a tó, àwọ̀ kan náà lẹ máa bá nísàlẹ̀, torí inú igi lọ́hùn-ún ni àwọ̀ náà ti wá. Ohun tí ẹ lè rí ni pé abíyá pọ́n díẹ̀ ju ẹ̀yìn lọ, nítorí oòrùn ojú fèrèsé ti ń mú ẹ̀yìn ṣá láti ọjọ́ pípẹ́. Ìyẹn, ohun rere ni.

Lẹ́yìn abíyá, ikùn. Ẹ fi orí èékánná tọ́ etí ibi tí funfun ti pàdé pupa. Ó yẹ kí ẹ mọ ìlà tín-ín-rín kan lára, nítorí igi ọ̀tọ̀ ni wọ́n gbẹ́ ihò fún tí wọ́n sì fi sínú rẹ̀. Bí ẹ ò bá mọ nǹkan kan, tí ó kàn ń yọ̀ lọ geere, ẹ wo ìlà igi náà dáadáa: bí ìlà àyà bá gba inú ikùn kọjá láìyà, ọ̀dà ni wọ́n fi kùn ún. Nínú fọ́tò kẹta tí ẹ fi ránṣẹ́, ìlà ikùn ò bá ti àyà lọ, ọ̀tọ̀ ni ibi tó kọrí sí. Ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí ara mi yá.

Ẹ tún fi ọwọ́ gbígbẹ mú itan rẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan. Tíìkì ní òróró nínú ara rẹ̀, ó máa ń dà bí ẹni pé èèyàn di àbẹ́là mú. Igi tí wọ́n pa láró kì í ṣe bẹ́ẹ̀, gbígbẹ táútáú ni.

Ní ti òǹtẹ̀, ẹ ní ẹ rí “Bojesen” àti “Denmark” lábẹ́ ẹsẹ̀ kan, pé ìyókù ti parẹ́. Ẹ má jẹ́ kó bà yín nínú jẹ́ pé ó ti parẹ́, ẹ má sì jẹ́ kó mú inú yín dùn jù pé ó wà. Lẹ́yìn ikú ọkùnrin náà, iṣẹ́ ò dúró. Láti nǹkan bí 1990 ni ilé iṣẹ́ Rosendahl ti Denmark ti ń ṣe ọ̀bọ náà tí wọ́n sì ń tà á káàkiri ayé, pẹ̀lú orúkọ Bojesen lára rẹ̀, lọ́nà òfin. Ìyẹn ni pé òǹtẹ̀ lè sọ pé àwòrán Bojesen ni, kò lè sọ pé láyé Bojesen ni. Ọjọ́ orí rẹ̀, ara igi lẹ ti máa kà á. Mo ti jìn sí kòtò yìí rí. Ṣọ́ọ̀bù kan, tí n kò ní dárúkọ, ta ehoro kan fún mi pé ti 1957 ni. Mo rí òǹtẹ̀, mo sanwó. Mo délé, mo ṣí etí rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́: inú funfun bíi ti pákó tó kúrò lẹ́nu ayùn láná. Ojúlówó ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọmọ ọdún méjì. Owó àgbàlagbà ni mo fi ra ọmọ ọwọ́.

Àwọn ẹ̀dà tí kò ní àṣẹ náà sì pọ̀ jaburata láti àwọn ọdún 1960. “Bí ọ̀bọ ṣe ṣorí ni ìnàkí ṣe ṣe,” àwọn kan nínú wọn dára débi pé àyàfi kí èèyàn gbé méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Ibi tí wọ́n ti máa ń kùnà ni ojú. Bojesen gbà pé ìlà tí èèyàn bá fà gbọ́dọ̀ rẹ́rìn-ín, kò sì fẹ́ kí ẹranko òun jọ ti inú igbó délẹ̀délẹ̀. Ó fẹ́ kó ní ẹ̀jẹ̀ lára, kó ṣe é dì mú. Ọ̀bọ ojúlówó kò yọ eyín, ojú rẹ̀ kàn jẹ́ dúdú méjì kóńkóló, síbẹ̀ ẹ máa rí i pé ó ń dá yín lóhùn. Ẹ̀dà máa ń la ojú sílẹ̀ ràngàndàn bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun.

Ẹ jẹ́ ká dé orí ihò mẹ́ta yẹn, torí òun ni mo bẹ̀rù jù. Mo ní kòkòrò fẹ́ràn afàrà. Oúnjẹ tí igi náà kó sínú kì í tètè tán lára rẹ̀, kòkòrò kékeré kan tó ń sọ igi di lẹ́búlẹ́bú sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ ṣàkíyèsí pé ikùn nìkan ló jẹ, kò fẹnu kan àyà: òróró tíìkì korò lẹ́nu rẹ̀. Ẹ̀rí kan sí i nìyẹn pé igi méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, kòkòrò náà ti bá wa ṣe àyẹ̀wò láì gba owó.

Ìbéèrè tó ṣe pàtàkì ni bóyá ó ṣì wà nínú ilé. Ẹ gbé ọ̀bọ sórí aṣọ dúdú, ẹ fi ikùn rẹ̀ dojú kọlẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Bí ẹ bá bá ìyẹ̀fun funfun lórí aṣọ náà, kòkòrò ń jẹun lọ́wọ́. Ká tiẹ̀ ní ẹ ò rí nǹkan kan, ohun tí màá ṣe fún un náà ni pé màá fi sínú fírísà. Ẹ má rẹ́rìn-ín, bí àwọn ilé ìṣúra ohun àtijọ́ náà ṣe ń ṣe é nìyẹn. Ẹ fi náílọ̀n méjì wé e, ẹ fa atẹ́gùn inú rẹ̀ jáde bó bá ti lè ṣeé ṣe, ẹ lẹ ẹnu rẹ̀ pa mọ́n-ín. Fírísà ilé tó bá lọ sílẹ̀ dé -18°C, ẹ fi í síbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹja títùs àti ẹ̀fọ́ yín. Tí ẹ bá yọ ọ́, ẹ má tú náílọ̀n náà. Ẹ gbé e sórí tábìlì di ọjọ́ kejì kí òtútù kúrò lára rẹ̀ tán, torí bí ẹ bá tú u kíákíá, omi á sẹ̀ sára igi bíi ti ìgò mínírà. Ẹ má sì yí apá rẹ̀ nígbà tó ṣì tutù, ohun tó so ó pọ̀ nínú lè já.

Ihò náà fúnra rẹ̀, ẹ fi sílẹ̀. Ẹ má fi gọ́ọ̀mù dí i.

Ìdọ̀tí tí ẹ pè ní ìdọ̀tí ńkọ́? Ìyá Ìbejì, orúkọ tí ẹ ń jẹ́ yìí ló jẹ́ kó rọrùn láti ṣàlàyé. Ẹ ti rí ère ìbejì àtijọ́ rí, ó kéré tán nínú àwòrán. Ẹ rántí ojú rẹ̀ bó ṣe dán, tí ilà ojú fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́ tán. Kì í ṣe agbẹ́gilére ló ṣe bẹ́ẹ̀ fún un. Ọwọ́ ìyá ni, tó ń wẹ̀ ẹ́, tó ń fi osùn pa á lára, lọ́dọọdún. Ẹni tó bá fi sáńpépà họ irú ojú bẹ́ẹ̀ kó lè “mọ́”, ẹ mọ ohun tí àwọn tó mọyì rẹ̀ máa sọ. Ọwọ́ ọmọ tó ti mú ọ̀bọ yín láti nǹkan bí ọgọ́ta ọdún ló ṣe dídán tó wà ní ọrùn ọwọ́ rẹ̀ yẹn. Kò sí fánǹíìṣì tó lè ṣe é.

Mo mọ ohun tí mò ń sọ. Ní ọdún kẹta tí mo dé ìlú yìí, wọ́n gbé béárì Bojesen kan wá fún mi, èyí tí wọ́n fi igi oak àti maple ṣe. Èkúté ti họ imú rẹ̀ díẹ̀. Èmi náà fẹ́ fi iṣẹ́ hàn. Mo mú sáńpépà, mo bẹ̀rẹ̀ níbi imú, mo ní kí ó lè dọ́gba mo gba ẹ̀rẹ̀kẹ́ kọjá, mo ní kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ kejì má baà bínú mo ṣe òun náà. Mi ò ha ju ìwọ̀n èékánná kan lọ. Mo fi fánǹíìṣì lé e, ó ń kọ mọ̀nà. Mo wá gbé e sókè, mo wò ó: béárì náà ò rẹ́rìn-ín mọ́. Igi ló wà lọ́wọ́ mi. Onítọ̀hún wá gbé e, kò pariwo, kò tiẹ̀ bèèrè nǹkan kan. Ó fi í sínú báàgì, ó sanwó mi pé, n kò sì rí i mọ́ títí di òní.

Nítorí náà, ohun tí ẹ máa ṣe ò pọ̀. Búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀, irú èyí tí wọ́n fi ń kun ojú, ẹ fi gbọn eruku kúrò nínú kọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà aṣọ funfun tí ẹ rẹ sómi tí ẹ fún gbẹ títí kò fi kán mọ́, ẹ fi nù ún lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ fi aṣọ gbígbẹ tẹ̀ lé e lójú ẹsẹ̀. Ẹ má fi ọṣẹ kàn án. Ẹnìkan máa sọ fún yín pé òróró tíìkì ni kí ẹ rà, wọ́n ń tà á ní gbogbo ṣọ́ọ̀bù ọ̀dà. Tíìkì lè gbà á, ṣùgbọ́n afàrà á fà á mu bí búrẹ́dì, ikùn á sì di adíkálà, kò ní padà bọ̀ sípò. Bí ẹ bá fẹ́ kó dán, àbẹ́là ìpara aláìláwọ̀, èyí tí wọ́n fi ń pa àga, bíńtín sára aṣọ, lẹ́ẹ̀kan lọ́dún.

Ọ̀rọ̀ owó. Ọ̀bọ kékeré tuntun, tó ga tó nǹkan bí 20 cm bíi tiyín, lé ní ọgọ́rùn-ún pọ́n-ùn ní ṣọ́ọ̀bù, tuntun tí kò ní ìtàn kankan. Ẹ wá fi ọgọ́ta tí ọkùnrin yẹn fẹ́ san sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹ rí ohun tó ń sáré lé. Iye tí ti àtijọ́ máa mú wá, ọwọ́ ọjọ́ orí rẹ̀, ìwọ̀n rẹ̀ àti bí ara rẹ̀ ṣe pé tó ló wà. Àwọn ńláńlá ni owó wọn ń gùn. Ilé gbàǹjo Bruun Rasmussen ní Copenhagen máa ń ta ẹran Bojesen, iye tí wọ́n ta ọ̀kọ̀ọ̀kan sì wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún ẹni tó bá fẹ́ wò. Ihò kòkòrò máa gé nǹkan kúrò lórí tiyín, mi ò ní tàn yín. Ṣùgbọ́n ihò mẹ́ta ò tó fánǹíìṣì kan.

Bó bá jẹ́ èmi ni, mi ò ní tà á. Ìbejì yín ńkọ́, wọ́n ti tó ọdún mélòó? Bí wọ́n bá ti kúrò lọ́jọ́ orí tí gbogbo nǹkan ń gba ẹnu lọ, lẹ́yìn tó bá ti jáde nínú fírísà, ẹ kọ́ ọ sétí pákó ìwé wọn, kí wọ́n máa yí i bó ṣe wù wọ́n. Kí ó má ṣáà bá wọn lọ sí balùwẹ̀.

Ẹ ya fọ́tò abíyá méjèèjì àti àtẹ́lẹsẹ̀ ránṣẹ́ sí mi kí ẹ tó wé e ní náílọ̀n. Ojú ọjọ́ ni kí ẹ fi yà á, ẹ má tan fíláàṣì.